Ọjà Tó Ń Ta Ara Rẹ̀ ní Oríta Òkè-Ìlá

Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ dé ni ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ọmọ tó ń kiri ọjà ní Adó ló gbé igbá kalẹ̀, tí wọ́n gbé síléètì. A jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ilé dá páropáro. Kò sẹ́ni tí yóò jókòó ti epo, kò sẹ́ni tí yóò lé ewúrẹ́. Ó wá ku èmi nìkan, ìyàwó ilé.

Ìgèdè ni wọ́n ti gbé mi wá sí Òkè-Ìlá, àdúgbò kan ní Adó. N kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, n kò sì tíì bímọ. Oko kòkó ni ọkọ mi ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ìsinmi ló ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé, òun náà ló sì ni ẹnu ilé. Obìnrin yẹn lè sọ̀rọ̀! Bí ó bá ń bá ọ wí ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn tó ń kọjá lójú títì á ti máa bá ọ bẹ̀ ẹ́. Epo pupa ló ń ṣe. Tèmi ni kí n jókòó síwájú ilé kí n máa tà á, epo náà àti ẹyin adìẹ wa, pẹ̀lú obì tí ọkọ mi bá mú bọ̀ láti oko.

Àwọn ọmọ lọ kọ́ ìwé, ìwé sì bá wọn jáde wá sí ìgboro. Ibi tí mo bá yíjú sí ni mo ń rí i, lára ògiri, lára lọ́rì, lára agolo. N kò mọ̀ ọ́n kà, títí dòní n kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. N kò lè rí àmì kan kí n má béèrè. Àbúrò ọkọ mi kan wà tó ń ṣe olùkọ́. Ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni mo sọ ọ́. Òun ni mo máa ń dà láàmú.

Wọ́n ń tún títì ṣe nígbà kan, wọ́n wá ri pátákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Akọ̀wé mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Rọra."

"Rọra ṣe kí ni?"

"Rọra wakọ̀ ni."

"Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ parí? Ṣé ọ̀dà ló tán ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ lábíyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Awakọ̀ ni. Kí ló ń ṣe lọ́wọ́? Ọkọ̀ ló ń wà. Ojú títì ti sọ ìyókù fún un. Ṣùgbọ́n bí o bá fa pátákó yẹn tu, tí o lọ rì í sídìí ìkòkò ọbẹ̀ Ìyá, ó ti di rọra bu ẹran nìyẹn."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ibi tí wọ́n gbé e sí ni yóò sọ èyí tó kù. Mo gbé e káàkiri ilé lọ́jọ́ náà. Bí mo bá rí adìẹ nídìí àgbàdo, "Rọra!" Bí ẹnìkan bá ń bu omi nínú àmù, "Rọra!" Ìyá ọkọ mi ní kí ẹnìkan wá bá òun wo ìyàwó, ara rẹ̀ kò yá.

Ìyá ní tiwọn kò fẹ́ràn ìwé ara ògiri. Ẹnìkan ti kọ "Má tọ̀ síbí" sára ògiri kan nítòsí wa. Nígbà tí Akọ̀wé kà á fún Ìyá, ṣe ni wọ́n fa ìró wọn so. "Ta ló ń sọ 'má' fún? Ṣé gbogbo ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ ni òun bí? Èmi àgbàlagbà, mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi, ògiri ń sọ 'má' sí mi!" Akọ̀wé ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ló ń bá wí." Wọ́n ní, "Ṣé ó dárúkọ ẹlòmíràn ni?"

Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé àwa náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìgèdè kí ìwé tó dé. Lójú ọ̀nà oko wa, ẹni tó bá ní iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á kó o sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ sóko. Òkúta kan, kọ́bọ̀ kan. O máa mú ọjà, o máa fi owó sílẹ̀, ẹni tó ni í á kó o bó bá ń darí bọ̀. Òkúta ò lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ìgbín tí wọ́n bá so mọ́ ìdì igi: kò sọ pé igi yìí ti lólúwa, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Gbogbo ayé ló mọ ohun tí kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ nígbà náà, nítorí pé òun gan-an ló fa gbogbo rẹ̀.

Obìnrin Ẹ̀gbá kan ń gbé ní oríta Òkè-Ìlá. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ náà bá dé. Aránṣọ ni. Maṣíìnì tirẹ̀ mélòó kan wà nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oríta. Mo máa ń dúró sídìí fèrèsé yẹn bí ẹni tó wá gba iná. Tẹ̀kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀kẹ̀! Aṣọ á wọlé ní pẹlẹbẹ, á jáde ní bùbá. Bí mo bá sùn, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ nǹkan lórí ẹní.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ relé ọkọ, àyè ṣí. Ó pè mí láti ojú fèrèsé.

"Ará ulé!" Bí ó ṣe ń pè mí nìyẹn, ó ń fi èdè wa dá mi lápárá, nítorí a máa ń pe ilé ní ulé. "Ìgbà tí o bá wo maṣíìnì mi tán, ṣé wàá wọlé ni àbí wàá rà á?"

"Àǹtí, mo fẹ́ kọ́ ọ."

"Ọmọge kan láti Òkèṣà ti fẹ́ ẹ ṣáájú rẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ló ń wù mí. Títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni mo máa fi àyè náà sílẹ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí lọ́jọ́ náà tí n kò rí ọ, tirẹ̀ ni."

Mo sáré délé. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá. Mo kúnlẹ̀ débi tí orúnkún mi fi bó.

Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ìyàwó, iṣẹ́ dáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ta epo mi? Àwọn ọmọ ti di akọ̀wé. Ṣé epo yóò máa ta ara rẹ̀ ni?"

Ẹnu mi ni mo fi gbà á. "Ìyá, ní Ìgèdè, ọjà ń ta ara rẹ̀."

"Lọ́nà oko! Níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti mọ ìyá ẹni tó bí ọ. Adó nìyí. Àlejò tó wà nínú ìlú yìí ju ọmọ onílé lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Wọ́n wò mí. Wọ́n fẹ́ràn kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ dá wọn lóhùn, wọn ò kàn jẹ́ kí ó hàn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ní ọjọ́ ọjà, gbé ọjà síta. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ jókòó tì í, kò gbọdọ̀ la ẹnu polówó rẹ̀. Bí ó bá tà kí oòrùn tó kan àtàrí, lọ kọ́ṣẹ́ rẹ. Bí kò bá tà, má tún dárúkọ maṣíìnì fún mi mọ́."

Inú mi dùn bí ẹni tó ti ṣẹ́gun! Mo lọ bá Akọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní òkúta tó fún àwa ọmọ oko, ṣùgbọ́n Adó ti di ìlú ìwé, kí ó kọ ọ́ kalẹ̀ fún àwọn àlejò. Ó mú páálí kan, ó ṣa èédú, ó kọ̀wé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó wá kà á fún mi bí ẹni tó ń ka Bíbélì:

"Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra epo pupa, tàbí ẹyin, tàbí obì tí ó wà níhìn-ín yìí, kí ó jọ̀wọ́ mú èyí tí ó fẹ́, kí ó sì fi owó rẹ̀ sínú igbá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Ó dùn o, Akọ̀wé mi. Ṣùgbọ́n 'ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra.' Ẹni tí kò bá fẹ́ ńkọ́, ṣé ó máa dúró kà á ni?"

Ó wo ìwé náà. Ó fi àtàǹpàkò nu ibẹ̀ nù.

"'Epo pupa, tàbí ẹyin, tàbí obì.' Ṣé afọ́jú la fẹ́ tà á fún ni? Bó bá rí ẹyin, kò ní pè é ní bàtà."

Ó tún nù ún.

"'Kí ó mú èyí tí ó fẹ́.' Ṣé èyí tí kò fẹ́ ni ì bá mú tẹ́lẹ̀?"

"Ìyàwó!"

"'Sínú igbá.' Igbá á wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ á wà nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ rò pé a fi ń ṣe, ìlù?"

Akọ̀wé da páálí bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Èédú ti bo imú rẹ̀. "Ìyàwó wa ti pa gbogbo gírámà mi jẹ! Kí ló wá kù?"

Ohun tó kù ni "títà." Ó kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ wo bí orí mi ṣe wú! Gbogbo ẹjọ́ yẹn, ó ti wọnú ọ̀rọ̀ kan bí iṣu ṣe ń wọnú odó. Ọ̀rọ̀ kan yìí á wà níwájú epo, epo á sọ pé epo ni, igbá á sọ pé owó ni, ó parí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá? Ohùn wọn jáde: "Kí ẹnikẹ́ni má yọ 'jọ̀wọ́' kúrò o! Ilé yìí kọ́ ni páálí yóò ti máa pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ bí ògiri alátọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n!" Akọ̀wé bá fi kún un nísàlẹ̀. Ìwé náà wá di: TÍTÀ. Ẹ JỌ̀Ọ́.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sùn.

Ọjọ́ ọjà pé. N kò dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán. Mo ti pinnu pé n kò ní gbé ọjà mi síwájú ilé, níbi tí àwọn ará àdúgbò nìkan ti ń kọjá. Oríta ni mo fẹ́, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé, tí àwọn tó ń ti oko bọ̀ àti àwọn tó ń lọ sọ́jà, pẹ̀lú lọ́rì tó ń ti Ìgèdè wọlé, gbogbo wọn á ti rí i. Pápá koríko kékeré kan wà ní àárín gbùngbùn ibẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, kí n ṣe é kó wu ojú. Mo mú àwọn àwo amọ̀ tuntun tí Ìyá kó pa mọ́. Mo da epo sínú ọ̀kan, ó kún dẹ́ńdẹ́. Mo fọ ẹyin títí wọ́n fi ń dán, mo tò wọ́n sínú èkejì. Mo já ewé tútù, mo to obì lé e. Mo to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, mo gbé igbá owó kalẹ̀, mo fi páálí tì í. Mo sún sẹ́yìn wò ó. Ó rẹwà! Mo sáré wọ ilé Aránṣọ, mo lọ jókòó sídìí fèrèsé.

Ta ni mo bá níbẹ̀? Ọmọge Òkèṣà. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àpò òwú rẹ̀ lórí itan. Ó kí mi dáadáa. Ó ní òun kàn wá dúró de ọ̀sán ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ yọ jẹ́ bàbá àgbà kan tó gbé ọkọ́ lé èjìká. Ó ń bọ̀ tààrà. Ó rí ọjà mi, ó dúró. Ó ṣí fìlà. Ó yí ọwọ́ ká orí rẹ̀, ó ta á nù, ó sì gba inú koríko òdìkejì kọjá.

Mo ní bóyá kò fẹ́ epo.

Àwọn obìnrin méjì tó ru igi ìdáná tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe rí i, ọ̀kan fa èkejì lápá. "Gba ibí, gba ibí! Má fẹsẹ̀ kàn án!" Wọ́n rin ẹ̀gbẹ́ ògiri bí aláǹgbá. Lọ́rì Ìgèdè dé. Awakọ̀ náà rọra! Kò sí pátákó tó sọ fún un. Ó darí ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbà kí táyà kan wọ kòtò jù kí ó sún mọ́ ọjà mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́rì bú sórin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ewúrẹ́ kan nìkan ló wá síbẹ̀ pẹ̀lú inú dídùn, ó jẹ obì méjì, kò fi kọ́bọ̀ kankan sílẹ̀.

Bí ìgbà tí Ọlọ́run gbọ́ mi, akọ̀wé ìjọba kan gun kẹ̀kẹ́ dé. Mo di ojú fèrèsé mú. Ẹni tó mọ̀ọ́kà nìyí! Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọrùn, ó kà á. Àwọn onígi yẹn ṣì dúró lókèèrè. Wọ́n ké sí i: "Ọ̀gá, ṣé ìwé ló wà níbẹ̀?"

"Ìwé ni o. 'Títà. Ẹ jọ̀ọ́.'"

"Yé! Ẹni náà ń bẹ̀bẹ̀ ni! Ọjà rẹ̀ ni kò tà, ló fi gbé e wá síbẹ̀!"

"Wọ́n ti wá ń kọ̀wé sí ẹbọ báyìí?"

"Ìwé ọ̀fẹ́ kúkú ni!"

Akọ̀wé ìjọba náà fò sórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dúró lórí pẹ́dà tó fi ti lọ.

Ẹbọ kẹ̀! Mo yíjú. Gbogbo ọmọṣẹ́ inú ilé ti dojú bo orí maṣíìnì, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ọmọge Òkèṣà ti fi àpò òwú di ẹnu. Aránṣọ ń fi aṣọ oníbàárà nu omijé.

Ó ní, "Ará ulé, ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ kọ́ ni, àbí o fẹ́ tú ìlú ká?"

"Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ wò ó. Àwo tuntun. Epo. Ẹyin. Obì lórí ewé tútù. Kùtùkùtù. Oríta mẹ́ta. Kí ló kù?"

Mo wò ó. Èmi ọmọ Ìgèdè! Ṣe ni mo ká ọwọ́ lé orí, ẹ̀rín sì gbé mi lulẹ̀ kí ẹkún tó ráyè. Mo ti gbé ẹbọ fún gbogbo Òkè-Ìlá, mo sì tún fi ìwé bẹ̀bẹ̀ lé e lórí!

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, mo rí i pé òjìji igi ìta ti ń kúrú. Ìyá á kọjá níbẹ̀ bọ̀ láti ọjà. Mo bẹ Aránṣọ pé kí ó sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi. Ó ní rárá, ojú mi ni kí n fi wò ó, ojú náà ni òun á fi kọ́ mi níṣẹ́.

Mo wá dúró, mo rò ó. Epo yìí kan náà ni mo ń tà síwájú ilé lójoojúmọ́, ẹyin yìí kan náà, kò sì sẹ́ni tó ṣí fìlà fún mi rí. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí níhìn-ín? Èmi ni. Wọ́n sì ti ní èmi kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Kí wá ni mo lè fi sílẹ̀ lára mi?

Àpótí ìjókòó mi! Kò sẹ́ni tó ń gbé àpótí ti ẹbọ. Ẹbọ kì í lólùtà.

Mo ṣí ìró sókè, mo sáré. Mo kó gbogbo rẹ̀ kúrò ní àárín oríta, àwọn onígi ń pariwo pé, "Ó fọwọ́ gbé e! Obìnrin yẹn fọwọ́ gbé e!" Mo sáré délé, mo ru ẹrù bọ̀. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, sábẹ́ igi kan tí aláta máa ń jókòó sí lọ́jọ́ ọjà. Mo da epo sínú ìgò, mo fi ṣùkù àgbàdo dí wọn lẹ́nu. Mo kó ẹyin sínú abọ́ tánganran wa tó ti ṣá létí. Mo ju ewé tútù nù, mo kó obì tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Mo gbé àpótí kalẹ̀, mo fi òṣùká mi lé e, pẹ̀lú àkísà tí mo fi ń nu ìgò, tó ti dúdú. Mo wò ó, ó kù díẹ̀. Àgbàdo sísun tí mo ń jẹ bọ̀ láti ilé ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo gbé e lé orí òṣùká. Ta ni yóò jẹ àgbàdo nídìí ẹbọ? Mo to òkúta, mo gbé igbá owó, mo sì fi páálí kan náà ti ẹsẹ̀ àpótí. Títà. Ẹ jọ̀ọ́. N kò pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀. Mo sáré padà.

Ọ̀kan nínú àwọn onígi ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ó wo àpótí. Ó wo àkísà. Ó rí àgbàdo, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ, máa bọ̀! Ọjà ni. Ọlọ́jà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni, àgbàdo rẹ̀ ò tíì tutù." Ó sọ igi kalẹ̀, ó ka òkúta pẹ̀lú ìka, ó ju owó sí igbá, ó mú epo. Mo gbọ́ ìró owó yẹn dé ibi tí mo wà! Mo fò, orí mi gbá fèrèsé. Aránṣọ di ìró mi mú kí n má baà bọ́ síta.

Wọ́n wá ń bọ̀. Ẹni tó rí ẹlòmíràn tó rà, òun náà á dúró. Akọ̀wé oníkẹ̀kẹ́ ń darí bọ̀, ó fura, ó ka páálí lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tí kò rí i rí, ó wo àpótí, ó sì di ẹyin sínú ìnujú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kà lẹ́ẹ̀mejì o!

Ẹyin àti obì ti tán, epo ku díẹ̀, nígbà tí mo rí Ìyá lókè ọ̀nà. Wọ́n ń bọ̀ láti ọjà, ẹrù wà lórí wọn, orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n dé ìdí igi, wọ́n dúró, wọ́n wo àpótí. Mo mọ bí orúnkún yẹn ṣe ń dùn wọ́n. Mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí Ìyá jókòó. Bí wọ́n bá jókòó, ọjà ti lólùtà, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́." Wọ́n fọwọ́ ti igi. Wọn ò jókòó.

Ibẹ̀ ni àlejò kan ti yọ, ọkùnrin kan tó jọ ará Ọ̀yọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Èló ni epo yín?"

Ìyá ọkọ mi! Ẹnu tí wọ́n ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé dé títì! Wọ́n la ẹnu, wọ́n rántí, wọ́n pa á dé. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí òkúta.

"Èló, Ìyá?"

Wọ́n tún na àgbọ̀n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wú.

"Ọ̀fun ló ń yọ yín lẹ́nu ni, Ìyá? Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó tẹjú mọ́ òkúta fúnra rẹ̀. "Àá, mo ti rí i." Ó fi owó sílẹ̀, ó mú ìgò tó kẹ́yìn, ó sì tún kí Ìyá pé kí Ọlọ́run fún wọn ní ohùn padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá Aránṣọ n kò lè ròyìn rẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó sórí àga.

Ìyá kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ti mọ ibi tí mo wà láti àárọ̀. "Ìyàwó!"

"Ẹ̀ẹ̀n, Ìyá!"

"Jáde wá kí dídákẹ́ tó pa mí!"

Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti gbé mì ló ń jáde. Ta ló ní kí n gbé àwo tuntun òun sóríta? Ṣé mo rò pé òun kò tíì gbọ́ lọ́jà pé aya ilé wa gbé ẹbọ? Wọ́n wí títí wọ́n fi mí èémí. Wọ́n wá wo ìgò tó ṣófo, wọ́n wo igbá owó, ohùn wọn sì rọ̀.

"Ó tà," ni wọ́n wí. "Dìde. Oòrùn ò ní dúró dè ọ́."

Mo wọlé. Ọmọge Òkèṣà ti dìde, ó ti gbé àpò òwú rẹ̀. Ó pòṣé sí mi díẹ̀, ẹ̀rín sì tún bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ fa àga fún mi. Mo jókòó. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin nísàlẹ̀, mo gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gún iyán. Maṣíìnì sáré sẹ́yìn, òwú já, abẹ́rẹ́ kán, àwọn ọmọṣẹ́ ké. Aránṣọ ń lọgun pé, "Ẹsẹ̀ kan! Ẹsẹ̀ kan, ará ulé!" Èmi sì ń rẹ́rìn-ín, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ.